Gáàsì Wà: Ṣé A Ní Gáàsì?



Níbí ní Pleasure, ìgbàkígbà tí gáàsì ìdáná bá tún gbówó lórí, ìbéèrè kan náà ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aládùúgbò: “Prọ̀fẹ́sọ̀, ṣebí wọ́n ní Nàìjíríà ló ní gáàsì jù ní Áfíríkà? Kí ló wá dé tá a tún ń padà sídìí èédú?” Èdè ni iṣẹ́ mi, kì í ṣe epo. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀-ìṣe méjì tí ọmọ ọdún mẹ́ta mọ̀ lè là wá lọ́yẹ̀ níbí: “wà” àti “ní”. “Owó wà ní báǹkì”: òtítọ́ ni lójoojúmọ́. “Mo ní owó”: ìyẹn ò rí bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Ohun tó wà lè wà jẹ́ẹ́jẹ́ rẹ̀. Ohun tí a ní, ọwọ́ wa gbọ́dọ̀ tó o.

Àjọ NUPRC kéde pé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025, iye gáàsì wa jẹ́ tírílíọ̀nù 210.54 kúbíìkì-fíìtì. Kúbíìkì-fíìtì kan ni àyè inú àpótí tí gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀-bàtà kọ̀ọ̀kan. Ta ló wọ abẹ́ ilẹ̀ lọ kà á? Kò sí o. Ìṣirò ni.

Gáàsì kì í dúró nínú ihò ńlá kan bí omi inú kànga. Inú àwọn ihò wínníwínní ara òkúta ló ń wà, bí omi ṣe ń wà nínú kànìnkànìn. Àwọn onímọ̀ á kọ́kọ́ rán ìró sínú ilẹ̀, wọ́n á gbọ́ bó ṣe ń dún padà, kí wọ́n lè mọ bí òkúta náà ṣe tẹ́ àti bó ṣe fẹ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbẹ́ kànga, kí wọ́n lè mọ bó ṣe nípọn, bí ihò rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, àti bóyá gáàsì ló kún inú ihò náà tàbí omi. Wọ́n á sọ gbogbo rẹ̀ di púpọ̀, wọ́n á sì yọ èyí tí kò ní jáde láéláé kúrò. Kànga tuntun kan ṣoṣo lè yí èsì náà padà.

Bí wọ́n bá ti ń fa gáàsì jáde, ọ̀nà kejì ṣí sílẹ̀. Ẹ wo táǹkì afẹ́fẹ́ àwọn tó ń lẹ táyà. Bí wọ́n bá tú ìwọ̀n kan jáde, tí gèéjì sì fi ìdámẹ́wàá wálẹ̀, a jẹ́ pé ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́wàá ohun tí wọ́n tú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọn gáàsì inú òkúta. Àmọ́ bí omi bá ń ti ìsàlẹ̀ wọlé, gèéjì á máa purọ́.

Nítorí náà, wọ́n pín ìṣirò náà sí mẹ́ta: èyí tí ìdánilójú rẹ̀ tó ìdá 90 nínú 100, èyí tó tó 50, àti èyí tó jẹ́ 10. Yorùbá á ní: ó dájú, ó jọ bẹ́ẹ̀, bóyá. Òfin kan tún wà: bí ẹ̀rọ òde òní ò bá lè fà á jáde, tàbí tí owó rẹ̀ ò lè bo ìnáwó, wọn kì í kà á mọ́ ìṣúra. Ó kàn wà ni.

Ẹ jẹ́ ká wo Èkó tiwa. Lọ́dún 1996 ni wọ́n rí epo àti gáàsì ní Aje, nínú òkun tó dojú kọ Bàdágìrì. Epo ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lọ́dún 2016. Gáàsì ńkọ́? Ó ṣì wà lábẹ́ òkun. Bẹ́ẹ̀, páìpù ńlá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó gùn ní kìlómítà 678, bẹ̀rẹ̀ ní Itoki ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí wa ní Alímọ̀ṣọ́. Ó wọ òkun ní Bàdágìrì, ó sì gbé gáàsì Niger Delta dé Kútọnu, Lomé, Tema àti Takoradi. Gáàsì Aje wà nítòsí ọ̀nà. Kò tíì wọ ọ̀nà. Ó ń fẹ́ páìpù tirẹ̀, ilé-iṣẹ́ tí yóò fọ̀ ọ́, olówó tí yóò náwó sí i, àti oníbàárà tí yóò tọwọ́ bọ̀wé pé òun á máa rà á fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Irú ìdúró bẹ́ẹ̀ kì í ṣe tiwa nìkan. Qatar rí gáàsì inú òkun rẹ̀ ní 1971. Ìparí 1996 ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó gbé e lọ sí Japan tó gbéra. Wọ́n dá NLNG sílẹ̀ níbí ní 1989. Oṣù kẹwàá ọdún 1999 ni ẹrù rẹ̀ àkọ́kọ́ kúrò ní Bonny. Ìṣúra sì lè dín kù láìjẹ́ pé gáàsì jáde. Ní Groningen, ní ilẹ̀ Netherlands, fífa gáàsì ń fa ìmìtìtì ilẹ̀, ni ìjọba bá ti ibẹ̀ pa pátápátá lọ́dún 2024. Gáàsì ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará ibẹ̀ ò ní in mọ́.

Tiwa ló dùn mí jù. Nínú 210.54 yẹn, 101.03 jẹ́ gáàsì tó ń bá epo rọ̀bì jáde pọ̀. Bí epo bá ti jáde, òun náà á jáde, bí páìpù wà, bí kò sí. Òfin ọdún 1979 ní kí sísun rẹ̀ dópin ní ọjọ́ kìíní ọdún 1984. Títí dòní, iná ṣì ń jó ní Delta.

Ní ti silíńdà wa, gáàsì ìdáná kì í ṣe gbogbo gáàsì inú ilẹ̀. Methane ló pọ̀ jù nínú ìyẹn, òun sì ni wọ́n fi ń mú iná mànàmáná wá ní Egbin. Propane àti butane ni tiwa ní ilé ìdáná, wọ́n sì gbọ́dọ̀ yọ wọ́n sọ́tọ̀, kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé wọn, kí wọ́n sì tọ́jú wọn sí táǹkì kó tó dé Pleasure. Iye tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ò sọ nǹkan kan nípa gbogbo ìyẹn.

Nítorí náà, bí ẹ bá tún gbọ́ iye gáàsì wa lórí rédíò, ẹ bèèrè: ṣé èyí tó dájú ni, àbí bóyá? Páìpù wo ló dé ibẹ̀? Ta ló fẹ́ rà á? Lọ́dún 2025, NUPRC ní ó lè tó wa lò fún ọdún 93. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni pé wọ́n pín iye tó wà sí iye tí à ń fà jáde lọ́dún. Bí ohun tí à ń fà bá kéré, ọdún á pọ̀. Ọlọ́jà tí kò rí oníbàárà, ọjà rẹ̀ lè pé ọgọ́rùn-ún ọdún lórí àtẹ.