Ẹ Yọ Mílíìkì Sílẹ̀ fún Ọ̀sẹ̀ Méjì, kí Ẹ Wo Ohun Tí Inú Yóò Sọ

Ìlera loògùn ọrọ̀. Ẹni tí inú ń run kò lè fara balẹ̀ tajà. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lóṣù yìí nípa inú rírun tí kì í lọ bọ̀rọ̀, àti ọ̀nà kan tí a lè fi wá ìdí rẹ̀ láìná owó rẹpẹtẹ.

Ẹ wo bí ó ṣe máa ń rí. Ènìyàn á mu ògì ní òwúrọ̀, á da mílíìkì sí i dáadáa, á wá gba ọjà Akẹ̀sán lọ ní Ọ̀yọ́, tàbí kí ó ṣí ìsọ̀ rẹ̀ ní Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kí agogo mẹ́wàá tó lù, inú ti ń kùn, ikùn ti wú, ó ti ń wá ẹni tí yóò bá òun wo ọjà kí òun lè sáré lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Á ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí, á ra oògùn aràn. Tó bá dọ̀la, inú tún ń kùn. Owó ń lọ, ìdí ọ̀rọ̀ kò hàn.

OHUN TÍ ÀWỌN DÓKÍTÀ RÍ

Ní ọdún 1971, Dókítà Olíkóyè Ransome-Kútì, dókítà àwọn ọmọdé tí ó di mínísítà ètò ìlera ní 1985, pẹ̀lú Norman Kretchmer ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn àwọn dókítà tí à ń pè ní The Lancet. Ọ̀rọ̀ ṣúgà inú mílíìkì, èyí tí wọ́n ń pè ní lactose, ni wọ́n yẹ̀ wò láàrin àwọn ẹ̀yà Nàìjíríà.

Ọmọ ọwọ́ ní oje kan nínú ìfun tí ó ń fọ́ ṣúgà yìí. Bí ọmọ bá ti ń dàgbà kúrò lẹ́nu ọmú, oje náà á máa dínkù. Àwọn dókítà náà rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni kò lè da ṣúgà yìí dáadáa, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn Fúlàní darandaran lè dà á. Kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe àfọwọ́fà ẹnikẹ́ni. Bí a ṣe bí ìran kọ̀ọ̀kan ni.

Ṣúgà tí kò bá dà á kọjá sínú ìfun ńlá. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà níbẹ̀ á jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ á sì kún inú. Ṣúgà náà á tún fa omi sínú ìfun. Ibẹ̀ ni inú kíkùn àti ìgbẹ́ gbuuru ti ń wá.

Ẹ má wá rò pé gbogbo ẹni tí kò lè dà á ni inú ń run o. Ọ̀pọ̀ ń mu díẹ̀ tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Nítorí náà, kálukú ni yóò dán an wò lára tirẹ̀.

KÍ A TÓ BẸ̀RẸ̀

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń bá ìgbẹ́ jáde, tí ènìyàn ń rù, tí ibà ń mú un, tàbí tí inú rírun ń jí i lóru, kí ó má dán ohunkóhun wò nílé. Ilé ìwòsàn ni kí ó lọ. Ilé ìwòsàn ìjọba wà ní Ọ̀yọ́. Ní Ògbómọ̀ṣọ́, ilé ìwòsàn àwọn Bàbtíìsì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1907 ló di ti Yunifásítì Bowen lónìí. Ti LAUTECH náà sì wà níbẹ̀. Aláboyún, abiyamọ àti ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ kọ́kọ́ bi dókítà. Ẹni tí oúnjẹ kan ń mú kí ètè rẹ̀ wú, tàbí tí èémí rẹ̀ ń há, kò gbọ́dọ̀ tún un tọ́ wò nílé rárá. Ẹ má sì gba ọmú lẹ́nu ọmọ ọwọ́ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

1. Fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ máa kọ ohun tí ẹ jẹ, àkókò tí ẹ jẹ ẹ́, àti bí inú ṣe rí. Bí ẹ ò bá mọ̀wé kọ, ẹ ní kí ọmọ bá yín kọ ọ́.

2. Ẹ yọ mílíìkì sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko: ti inú agolo, èyí tó jẹ́ lẹ́búlẹ́bú, wàrà, nọ́nọ̀ àti áìsìkíríìmù. Ẹ yẹ ara páálí bisikíìtì àti ti ohun mímu kòkó wò, nítorí mílíìkì máa ń wà nínú wọn.

3. Mílíìkì nìkan ni kí ẹ yọ. Bí ẹ bá ń jẹ gbẹ̀gìrì àti àmàlà tẹ́lẹ̀, ẹ máa jẹ ẹ́ bí ẹ ti ń jẹ ẹ́. Ẹ̀wà náà máa ń fa afẹ́fẹ́ sínú. Bí ẹ bá yọ méjèèjì pọ̀, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi. Ẹja wẹ́wẹ́ tí a lè rún teegun teegun, ẹyin àti ẹ̀fọ́ yóò dí àyè mílíìkì.

4. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ dá a padà. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Ẹ fi wàrà ṣáájú, kí nọ́nọ̀ tẹ̀lé e, kí mílíìkì ṣìkẹta. Ẹ fi ọjọ́ mẹ́ta sí àárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa kọ bí inú ṣe rí.

Ìdánápadà yìí ṣe pàtàkì. Bí inú bá dára nígbà tí ẹ yọ ọ́, tó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn nígbà tí ẹ dá a padà, ọ̀rọ̀ ti yé wa nìyẹn. Bí kò bá sí ìyàtọ̀, kì í ṣe mílíìkì; ẹ máa mu ún lọ, kí ẹ sì lọ rí dókítà. Ẹ má ṣe máa yọ oúnjẹ kan tẹ̀lé òmíràn títí tí agbára yóò fi tán lára.

Ẹ̀YIN TÍ Ẹ Ń TA WÀRÀ

A kò bá ọjà yín jẹ́ o. Àwọn obìnrin Fúlàní ń fi omi ewé bọmubọmu sí wàrà lórí iná kí ó lè dì. Nígbà tí omi bá ro kúrò lára rẹ̀, púpọ̀ nínú ṣúgà náà bá omi lọ. Nọ́nọ̀ tó ti kan, ìkan rẹ̀ ti jẹ díẹ̀ nínú ṣúgà náà. Nítorí èyí, ẹni tí ife mílíìkì kan ń dà láàmú lè jẹ wàrà kí inú rẹ̀ dákẹ́. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé kí ó dín mílíìkì inú ògì kù lásán ti tó.

Ẹni tó bá sì mọ ìdí inú rírun rẹ̀, kí ó kó owó àgbo àti ti oògùn tí kò bá àìsàn mu wá sínú àjẹṣẹ́kù rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ara á le o.