Orí Tí Wọ́n Fi Kẹ́ẹ̀gì Ṣe: Fífi Ẹsẹ̀ Rin Ìlú Àjàṣẹ́

Ní Energy Corridor, ní ìwọ̀-oòrùn Houston, ọkọ̀ ni wọ́n fi ń lọ síbi gbogbo. Ọ́fíìsì àwọn iléeṣẹ́ epo rọ̀bì tò sí ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ I-10. Olórìṣà tó ń gbé ibẹ̀ lè wa ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún láìbéèrè ta ló ru ẹrù epo náà níbòmíràn.

Iṣẹ́ ọnà kan gbé ìbéèrè náà wá sí Houston. La Bouche du Roi ni orúkọ rẹ̀. Romuald Hazoumè, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Àjàṣẹ́ ní 1962, ló ṣe é. Wọ́n pàtẹ rẹ̀ sí Menil Collection ní Houston kí British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tó rà á. Kẹ́ẹ̀gì epo 304 ló gé, tó sọ di ìbòjú: ẹnu kẹ́ẹ̀gì di ẹnu ènìyàn, ibi tí wọ́n fi ń gbá a mú di imú. Ó tò wọ́n bí àwọn ẹrú ṣe wà nínú àwòrán ọkọ̀ Brookes. Ẹ̀ ń wo orí, ẹ sì ń gbọ́ ohùn tó ń pe orúkọ àwọn tí wọ́n kó lọ. Yorùbá wà lára èdè tí wọ́n fi ń pè wọ́n.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ilẹ̀ tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti hù, kó lọ sí Àjàṣẹ́, kó sì sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Porto-Novo ni àwọn Pọtogí sọ ọ́. Hogbonu ni àwọn Gun ń pè é. Òun ni olú-ìlú Benin lábẹ́ òfin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Cotonou ni ìjọba ti ń ṣiṣẹ́. Etí ọ̀sà ni ìlú náà wà.

Orí ni ìtàn ìlú náà fi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ọdẹ Yorùbá mẹ́ta rí ẹ̀dá olórí mẹ́sàn-án tó jáde láti inú òkìtì ọ̀gán. Abessan ni wọ́n ń pè é, ojúbọ rẹ̀ sì wà nínú ìlú dòní. Kí ẹ tó ya fọ́tò níbẹ̀, ẹ kí àwọn àgbà ilé, ẹ sì tọrọ àyè.

Ẹ rìn dé Honmè, ààfin Ọba Toffa, tó jọba láti 1874 sí 1908. Orin ààfin ìlú yìí ni adjogan. Ọ̀pá irin olórùka ni wọ́n fi ń lù ú, ó ń dún wọnwọn bí wọ́n ṣe ń fi gún ilẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ Ọba Te-Agdanlin, tó ti Allada wá, ni wọ́n ní ó ti ṣẹ̀. Àwọn Kátólíìkì náà ń lò ó ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ wọ́n yọ ẹyẹ ọba kúrò lórí rẹ̀, wọ́n fi àgbélébùú sí i.

Mọ́sálásí ńlá ìlú náà jọ ṣọ́ọ̀ṣì Bàhíà, nítorí pé ìmọ̀ ilé kíkọ́ àwọn Àgùdà tó padà láti Brazil ló wà lára rẹ̀. Ní Musée Adandé, ẹ ó rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí wọ́n gbẹ́ láti fi yẹ́ àwọn ìyá sí.

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn ọlọ́kadà ń gbé bẹntiróòlù láti Nàìjíríà kọjá ààlà, kẹ́ẹ̀gì yí wọn ká, iná sì lè sọ nígbàkigbà. Kẹ́ẹ̀gì bẹ́ẹ̀ ni Hazoumè sọ di ojú. Ohun tí ìlú kọ́ ọ náà ló ṣe: igi lè di ìyá, ọ̀pá lè di àṣẹ, ohun tí wọ́n sọ nù lè di ẹni tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀.

Olórìṣà tó ń bọ orí tirẹ̀ ní Houston, tó ń fi omi tútù tù ú, kó rántí pé ẹni tó ru epo náà lórí.