Obìnrin wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n dá Kérúbù àti Séráfù sílẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó dọ̀rọ̀ olórí, wọ́n ní obìnrin ni

Ẹ yà sí ṣọ́ọ̀ṣì tó bá wù yín láàárọ̀ Sunday, kẹ́ ẹ ka orí. Àwọn obìnrin ló máa ń pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ti gbálẹ̀ sílẹ̀ látàná, àwọn ni wọ́n fọ aṣọ pẹpẹ, bí ìkórè bá sì dé, àwọn náà ni wọ́n á máa ná owó àti ara. Ṣùgbọ́n tó bá ti dọ̀rọ̀ ta ni yóò jókòó sórí àga olórí, ohùn á yí padà. Wọ́n á ní Pọ́ọ̀lù ti kọ ọ́ sí Tímótì pé òun ò gbà kí obìnrin máa kọ́ni. Pọ́ọ̀lù yìí kan náà ló pe Fébè ní ìránṣẹ́ ìjọ nínú ìwé tó kọ sáwọn ará Róòmù, tó sì ní Pírísíkílà bá òun ṣiṣẹ́ pọ̀, àmọ́ wọn kì í sábàá ṣí Bíbélì débẹ̀.

Bí ẹnì kan bá wà tí ọ̀rọ̀ yìí dé bá rí, Captain Abíọ́dún ni.

Nínú oṣù kẹfà, ọdún 1925, àwọn ìjọ Àgùdà ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó fún ọdún Corpus Christi. Christianah Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún (17) péré, wà lára àwọn tó jáde lọ wòran ní agbègbè Campos. Ohun tó sọ ni pé òun rí áńgẹ́lì kan lábẹ́ ìbòrí tí wọ́n gbé dání, áńgẹ́lì náà sì tẹ̀ lé òun délé. Ni ọmọ bá dákú lọ ráúráú, kò mọ ẹnikẹ́ni mọ́. Wọ́n wá ránṣẹ́ pe Moses Orímọ́ládé, ọmọ Ìkàrẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní Bàbá Aládùúrà. Bàbá gbàdúrà, ọmọ jí.

Háà! Kí ni wọ́n ti gbọ́ ọ́ sí? Èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án lóru. Lọ́dún yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Séráfù sílẹ̀, ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó fi Kérúbù kún orúkọ náà.

Abíọ́dún ò kàn jókòó kí wọ́n máa fi í ṣàfihàn o. Nígbà tó di ọdún 1927, òun ló ṣáájú àwọn oníwàásù jáde kúrò l'Ékòó lọ sáwọn ìlú ilẹ̀ Yorùbá, ọmọbìnrin tí kò tíì pé ogún ọdún! Captain tí wọ́n ń pè é kì í ṣe oyè àfẹnujẹ. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Lọ́dún 1918 tí àrùn lùkúlùkú ń pa èèyàn bí ẹni ń pa ẹfọn, tíṣà obìnrin kan n'Íjẹ̀bú-Òde, Sophia Ọdúnlámì, wà lára àwọn tí wọ́n bá Ṣàdárè dúró nínú ẹgbẹ́ àdúrà tí ìjọ CAC ti ṣẹ̀ wá.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di 1929, àárín Bàbá àti Abíọ́dún dàrú. Bàbá kọ lẹ́tà sí i pé kó lọ dá ẹgbẹ́ tiẹ̀ dúró pẹ̀lú àwọn tó bá fẹ́ tẹ̀ lé e. Ìjọ pín sí méjì. Nígbà tí Orímọ́ládé wá kú lóṣù kẹwàá, ọdún 1933, Abíọ́dún ní òun tí àwọn jọ bẹ̀rẹ̀ lóyè kàn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní obìnrin ni.

Òótọ́ ni pé Orímọ́ládé ti fọwọ́ ara rẹ̀ yan Abraham William Ọ̀nànúgà kó tó kú, àwọn tó wà lẹ́yìn Ọ̀nànúgà ò sì jẹ̀bi tí wọ́n bá di ọ̀rọ̀ bàbá mú. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n fi ṣe ẹ̀sùn, pé ó jẹ́ obìnrin, ṣé wọn ò mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́dún 1925 ni? Ṣé ọkùnrin ni nígbà tó ń ṣáájú wọn wọ̀lú?

Ọ̀rọ̀ yìí ò tán bọ̀rọ̀. Abíọ́dún, tó ti wá di Ìyá Emmanuel lọ́ọ̀dẹ̀ ọkọ, ń jà á lọ́dún dé ọdún. Ọdún 1986 ni wọ́n tó gbà á ní olórí, ìyá ti lé láàádọ́rin ọdún dáadáa nígbà náà. Lọ́dún 1994 ló dágbére fáyé.

Lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, irú ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nínú ìjọ Áńgílíkà. Bíṣọ́ọ̀bù Kwara, Herbert Haruna, fi obìnrin mẹ́ta joyè díákónì, làwọn àgbà ìjọ bá fagi lé e. Títí dòní, Áńgílíkà Nàìjíríà kì í fi obìnrin ṣe àlùfáà, bẹ́ẹ̀ àwọn Mẹ́tọ́díìsì tó múlé tì wọ́n ń ṣe é, ilé wọn ò sì wó.

Nínú Kérúbù fúnra rẹ̀ ńkọ́? Wòlíì obìnrin ń bẹ, Ìyá Ìjọ ń bẹ, wọ́n sì ń bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ìjọ náà, bó ti wù kí wòlíì obìnrin ríran tó, tó bá ti dẹ́nu ọ̀nà pẹpẹ, ìta ló máa dúró sí.