Fìlà Aláró Àwọn Àgbẹ̀ Skọ́tlándì

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn àgbẹ̀ àti oníṣẹ́ ọwọ́ ilẹ̀ Skọ́tlándì ti ń dé fìlà pẹlẹbẹ aláró kan tí wọ́n ń pè ní bọ́nẹ́ẹ̀tì, ara fìlà mẹ̀kúnnù yìí sì ni àwọn fìlà tí ayé fi ń dá Skọ́tlándì mọ̀ lónìí ti ṣẹ̀. Irun àgùntàn ni wọ́n fi ń hun ún. Ahunfìlà á kọ́kọ́ hun ún tóbi ju orí ènìyàn lọ, á rì í sínú omi, á sì máa tẹ̀ ẹ́, á máa lù ú, títí irun náà yóò fi súnkì, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ra pinpin débi pé òjò àti òtútù kò ní tètè ráyè wọ inú rẹ̀. Ewéko kan tí ń jẹ́ woad ni wọ́n fi ń po aró rẹ̀, èròjà tó sì ń sọ ọ́ di aró kò yàtọ̀ sí èyí tó wà nínú èlú tí àwọn aláró ilẹ̀ Yorùbá fi ń pa àdìrẹ. Iṣẹ́ yìí ló sọ ìlú Kilmarnock àti Stewarton di olókìkí.

Ní 1745, nígbà tí Charles Edward Stuart kógun dìde láti gba adé ilẹ̀ Bìrìtìkó padà fún bàbá rẹ̀, ríbọ́ǹ funfun tí wọ́n so mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì aláró ni àmì àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ ogun ìjọba ṣẹ́gun wọn ní ogun Culloden ní 1746, ìjọba ṣe òfin tó ka aṣọ ìbílẹ̀ àwọn ọkùnrin agbègbè olókè léèwọ̀ títí di 1782, ṣùgbọ́n òfin náà kò dárúkọ fìlà, kò sì de àwọn ọmọ ogun ọba. Ó sì yẹ kí a kíyè sí èyí, nítorí inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni fìlà àgbẹ̀ ti di ohun iyì.

Ibẹ̀ ni glengarry ti gbajúmọ̀, fìlà tó ṣeé ṣẹ́ pọ̀ pẹlẹbẹ, tí ríbọ́ǹ méjì ń ṣòrò lẹ́yìn rẹ̀. Balmoral, tó rí róbótó, ń jẹ́ orúkọ ààfin Ọbabìnrin Victoria, nígbà tí tam o' shanter, tó fẹ̀ tó sì ní ìṣù òwú ní téńté, gba orúkọ lọ́wọ́ akọni inú ewì Robert Burns tó jáde ní 1791. Olórí ìdílé ńlá a máa fi ìyẹ́ idì mẹ́ta sára fìlà tirẹ̀, olórí ẹ̀ka ìdílé a sì fi méjì.

Ìgbátí onígun mẹ́rin-mẹ́rin tó wà lára glengarry ni Percy Sillitoe, ọ̀gá ọlọ́pàá Glasgow, wò kọ́ ní 1932 nígbà tó fi irú rẹ̀ sára fìlà àwọn ọlọ́pàá rẹ̀, àṣà yìí sì ti tàn ká ilẹ̀ Bìrìtìkó títí dé Ọsirélíà.