Kí Ọmọ Yín Tó Lọ Kọ́ Jùdó ní Jàpáànù: Níbo Ni Yóò Sùn?

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá wọlé lónìí tó ní, "Bàbá mi, olùkọ́ mi fẹ́ kí n lọ fi oṣù kan kọ́ jùdó sí i ní Tokyo," kí ni ẹ máa kọ́kọ́ ṣe? Ọ̀pọ̀ á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá owó ọkọ̀ òfuurufú. Ìyá á ra aṣọ òtútù. Ibi tí ọmọ yóò sùn ló máa ń gbẹ̀yìn, bẹ́ẹ̀ òun ló yẹ kó ṣáájú. Ẹni tí wọ́n ń gbé ṣánlẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́ kò lè máa fi ìjókòó sùn.

Ilé ẹ̀kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ bi

Ọdún 1882 ni Jigoro Kano dá ilé ẹ̀kọ́ Kodokan sílẹ̀ ní Tokyo, nínú yàrá kan tí ẹní 12 péré kún. Lónìí, ilé alájà púpọ̀ ni, ní àdúgbò Bunkyo. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti òkèèrè sí ibùsùn inú ilé náà, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kò pọ̀. Ẹ kọ̀wé béèrè ní oṣù mélòó kan ṣáájú.

Àwọn olùkọ́ mìíràn máa ń gba akẹ́kọ̀ọ́ sílé. Uchi-deshi ni wọ́n ń pè é. Ó jọ ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá nílẹ̀ wa: á jí ní kùtùkùtù, á gbálẹ̀, á ṣe ohun tí wọ́n bá ní kó ṣe. Owó rẹ̀ lè kéré, ṣùgbọ́n òmìnira rẹ̀ náà kéré. Ẹ béèrè: Ṣé oúnjẹ wà nínú owó náà? Ṣé yóò ráyè lọ sí ilé ìsìn lọ́jọ́ Ìsinmi? Nínú ilé ẹ̀kọ́ mìíràn, pẹpẹ kékeré ti ẹ̀sìn ilẹ̀ wọn máa ń wà lára ògiri. Títẹríba fún olùkọ́ dà bí ìdọ̀bálẹ̀ tiwa, ìkíni ni. Ti pẹpẹ yẹn ni kí ẹ wádìí, kó má bàa di àríyànjiyàn lẹ́yìn tó débẹ̀.

Bí kò bá sí àyè

Ilé àlejò tí ènìyàn púpọ̀ ti ń sùn ní yàrá kan wà. Òtẹ́ẹ̀lì oníhò tún wà, tó bẹ̀rẹ̀ ní Osaka ní 1979: ihò kan, ẹnì kan. Ó dára fún òru kan tàbí méjì. Ṣùgbọ́n aṣọ jùdó nípọn, òógùn sì máa ń rin ín gbingbin. Níbo ni ọmọ yóò sá a sí?

Fún oṣù kan, yàrá tí wọ́n ti kó ẹrù sí, tí wọ́n ń gbà lóṣooṣù, ló sàn jù. Ẹ yẹra fún ilé tí àwọn ará ìlú ń háyà: onílé sábà máa ń béèrè onídùúró, owó ìdúró, àti owó ẹ̀bùn tí kì í padà. Bí ó bá jẹ́ ilé aládàáni ni, ẹ béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí òfin 2018 béèrè fún un.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó pọ́ọ́kú tàn yín. Yàrá tó jìnnà ń jẹ owó ọkọ̀ lójoojúmọ́, ọkọ̀ ojú irin Tokyo sì máa ń dáwọ́ dúró ní nǹkan bí ọ̀gànjọ́ títí di nǹkan bí aago márùn-ún ìdájí. Owó ilé tún máa ń gbówó lórí ní ìparí April sí ìbẹ̀rẹ̀ May, ní àárín August àti nígbà ọdún tuntun.

Físà ńkọ́?

Ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ gba físà kó tó lọ, wọn yóò sì béèrè ibi tí yóò dé sí. Nítorí náà, ẹ gba yàrá tí ẹ lè fagi lé láìpàdánù owó, bí físà kò bá bọ́ sí i. Kí ó mú ìwé ìrìnnà rẹ̀ dání nígbà gbogbo. Òfin ní kí àlejò láti òkèèrè fi hàn níbi tó bá sùn.

Jésù sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó ń ṣírò owó kó tó kọ́lé (Lúùkù 14:28). Ẹ mú ìwé àti bírò lálẹ́ òní, kí ẹ jókòó ti ọmọ yín, kí ẹ sì jọ ṣírò ti yín.