Ọmọ Ọlọ́pọlọ Pípé: Báwo Ni A Ó Ṣe Tọ́ Ọ?

Ní ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ìsìn òwúrọ̀, arábìnrin kan nínú ìjọ wa mú ọmọkùnrin rẹ̀ tọ̀ mí wá. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Omijé wà lójú ìyá rẹ̀. Ó fi ìwé kan lé mi lọ́wọ́ tí ilé-ìwé ọmọ náà kọ sí i. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé ọmọ náà ń da kíláàsì rú. Bí olùkọ́ bá fún wọn ní iṣẹ́, òun á ti parí tirẹ̀ kí àwọn yòókù tó mú pẹ́ńsù. Lẹ́yìn náà á dìde, á máa lọ láti ìjókòó kan dé èkejì, á máa sọ ìdáhùn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan, olùkọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sójú pátákó, ọmọ náà nawọ́, ó ní, "Àǹtí, ó ku lẹ́tà kan." Ẹgba mẹ́rin ni wọ́n nà án lọ́jọ́ náà, wọ́n ní ó ṣe àfojúdi.

Arábìnrin náà wí pé, "Mà, ti ilé-ìwé kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún jù. Àwọn tí a jọ ń gbé ilé ni. Wọ́n ní ọmọ tó ń ka ìwé ìròyìn láti ọmọ ọdún mẹ́ta kì í ṣe ojú lásán. Wọ́n ní ẹmẹ̀rẹ̀ ni, kí n tètè gbé e lọ síbi tí wọ́n ti máa gba ààwẹ̀ ọjọ́ méje lé e lórí."

Mo wo ọmọ náà. Ó ti ṣí Bíbélì mi, ó ń fi ìka tọ́ka sí orúkọ àwọn ìwé inú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú tì mí. Ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ọjọ́ náà, èmi gan-an tí mo jẹ́ olùkọ́ àwọn ọmọdé nínú ìjọ ti ní kí ó lọ dúró lẹ́yìn. Mo ń kọ́ wọn nípa ọkọ̀ Nóà, ó sì bi mí pé, "Kí ni kìnnìún ń jẹ nínú ọkọ̀ tí kò fi pa ewúrẹ́ jẹ?" Àwọn ọmọ yòókù bú sẹ́rìn-ín. N kò mọ ìdáhùn rẹ̀, mo sì jágbe mọ́ ọn pé ọmọdé kì í bi Ọlọ́run léèrè ọ̀rọ̀. Láti ọjọ́ náà ni kò ti béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi mọ́.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin olùkọ́, bóyá irú ọmọ báyìí wà nínú ilé yín. Ẹ jẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò.

ẸBUN ỌLỌ́RUN NI

Nínú Ẹ́kísódù 31, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ sọ fún Mósè pé òun ni òun fi ọgbọ́n àti òye kún inú Bẹ́sálẹ́lì fún iṣẹ́ ọwọ́. Dáníẹ́lì 1:17 jẹ́ kí a mọ̀ pé Ọlọ́run ló fún Dáníẹ́lì àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ní ìmọ̀ ìwé. Ẹ tún ka Lúùkù 2, láti ẹsẹ 41 dé òpin. Jésù Olúwa wa jẹ́ ọmọ ọdún méjìlá nígbà tí ó jókòó láàárín àwọn olùkọ́ nínú tẹ́ńpìlì. Ó ń gbọ́ tiwọn, ó sì ń bi wọ́n ní ìbéèrè. Ẹnu ya àwọn tó gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n a kò kà á pé ẹnikẹ́ni nínú wọn pè é ní ẹmẹ̀rẹ̀, tàbí pé wọ́n lé e síta.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣì mí gbọ́ o. Àdúrà kò pọ̀ jù lórí ọmọ. Ẹ máa gbàdúrà fún un láàárọ̀ àti lálẹ́. Ṣùgbọ́n kí a fi ebi pa ọmọ, kí a nà án kí ó lè "jẹ́wọ́," tàbí kí a máa bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba òye tí òun fúnra rẹ̀ fún un, ìwà ìkà ni. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 pàápàá lòdì sí i. Bí a bá fún ìránṣẹ́ ní tálẹ́ńtì márùn-ún (Mátíù 25), ṣé ó yẹ kí òbí rẹ̀ bá a gbẹ́ ilẹ̀ tí yóò rì wọ́n mọ́?

BÍ A ṢE LÈ MỌ̀ Ọ́N

Ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń tètè sọ̀rọ̀, ìbéèrè rẹ̀ kì í sì í tán. Ohun tí ó bá gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, kì í gbàgbé rẹ̀ bọ̀rọ̀. Ó lè fẹ́ràn kí ó máa bá àwọn tó ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sọ̀rọ̀. Ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń tètè sú u, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ ní kíláàsì ti ń bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ìwé kíkà nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Òmíràn wà tí àwòrán ni tirẹ̀, tàbí orin. Òmíràn á tú rédíò bàbá rẹ̀ palẹ̀, á sì tò ó padà.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ òbí kò mọ̀. Irú ọmọ yìí kì í dàgbà dọ́gba-dọ́gba. Orí rẹ̀ lè jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́jọ, kí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ọmọ ọdún márùn-ún, kí ẹkún rẹ̀ sì jẹ́ ti ọmọ ọdún mẹ́ta. Nítorí náà, bí ó bá mọ ìṣirò àwọn ọmọ ìwé kejì, tí ìkọ̀wé rẹ̀ sì rí wúruwùru, ẹ má ṣe nà án. Bí ó bá ń sunkún nítorí pé ó fìdí rẹmi nínú eré, ẹ má ṣe sọ pé, "Ìwọ tí o gbọ́n tó báyìí!" Ọmọdé ṣì ni.

ILÉ NI ÌBẸ̀RẸ̀

Owó kọ́ ni nǹkan àkọ́kọ́. Susanna Wesley, ìyá John Wesley, bí ọmọ mọ́kàndínlógún, mẹ́wàá nínú wọn ló sì dàgbà. Òṣì kò jìnnà sí ilé wọn. Síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ ní ìwé nínú ilé. Bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní A, B, D. Ó sì ya àkókò sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti bá a jókòó sọ̀rọ̀ lóun nìkan. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ti ọjà dé, àwa náà lè ṣe ìwọ̀nba.

Ìkíní, ẹ máa dáhùn ìbéèrè rẹ̀. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ sọ pé, "N kò mọ̀, jẹ́ kí a jọ wádìí." Ọ̀rọ̀ yìí kò dín iyì òbí kù.

Èkejì, ẹ máa fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ ló rò pé ọmọ tó gbọ́n gbọ́dọ̀ gbàgbé èdè ìyá rẹ̀ kí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó lè dán mọ́rán. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Modákẹ́kẹ́. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan láàyè tirẹ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn rárá. Wọ́n ṣe dáadáa ju àwọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ, títí kan ẹ̀kọ́ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ẹ̀kẹta, ẹ lo ohun tó wà nílé. Ẹ jẹ́ kí ó ṣírò ṣéńjì lọ́jà. Ẹ ta ayò pẹ̀lú rẹ̀, ẹ pa àlọ́ fún un kí òun náà sì pa tirẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó ka ẹsẹ Bíbélì níbi àdúrà ìdílé, kí ó sọ ohun tó yé e.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọ ní iṣẹ́ ọwọ́. Nígbà tí wọ́n gba Àjàyí Crowther sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, tí wọ́n sì mú un dé Sàró, láàárín nǹkan bí oṣù mẹ́fà ló ti ń ka Májẹ̀mú Titun. Síbẹ̀ wọ́n tún kọ́ ọ ní iṣẹ́ káfíńtà. Òye orí kò ní kí ọmọ má gbá ilẹ̀, kí ó má fọ abọ́. Kí ó ṣeré pẹ̀lú, kí ó sì sùn dáadáa.

Ẹ LỌ SÍ ILÉ-ÌWÉ RẸ̀

Ẹ má ṣe lọ bí ẹni tó fẹ́ jà. Olùkọ́ tó ní ogójì ọmọ níwájú rẹ̀ kò ráyè. Ẹ kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá béèrè pé: Kí ni ọmọ mi lè máa ṣe bí ó bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀? Ṣé mo lè fi ìwé ìtàn kan sínú àpò rẹ̀? Ṣé ó lè lọ bá àwọn tó wà níwájú rẹ̀ ka ìwé tàbí ṣe ìṣirò fún wákàtí kan, kí ó sì padà sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀? Ìlànà Ètò Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-èdè wa mẹ́nu kan irú ọmọ yìí pé ó nílò ìtọ́jú àkànṣe. Ìjọba àpapọ̀ sì dá ilé-ìwé girama kan sílẹ̀ fún wọn ní Suleja, ní ìpínlẹ̀ Niger. Kí a tó dé ibẹ̀, olùkọ́ tó lóye ọmọ ṣe pàtàkì ju orúkọ ilé-ìwé lọ.

Ṣé kí ọmọ fo kíláàsì? Ó lè dára fún ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n kí a má kánjú. Ní 2025, JAMB fi ọdún mẹ́rìndínlógún ṣe ọjọ́-orí tó kéré jù fún wíwọ yunifásítì, ó sì ṣí ọ̀nà fún àwọn tí ọpọlọ wọn ta yọ. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún náà tí wọ́n jókòó sí ìdánwò lé ní 40,000. Àwọn tó gba máàkì tí wọ́n ń béèrè kò pé 500. Ẹ wo iye òbí tó ti ń sáré! Òbí mìíràn a máa mú ọmọ kúrò ní ìwé karùn-ún bọ́ sí girama. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tó wà láàárín àwọn ọmọ ọdún méjìlá lè mọ ìwé, ṣùgbọ́n ta ni yóò bá a ṣeré? Ta ni yóò gbà á lọ́wọ́ àwọn tí yóò fi í ṣe ẹlẹ́yà?

KÍ A ṢỌ́RA

Ẹ má ṣe fi ọmọ yìí ṣe àfihàn fún gbogbo àlejò. Ẹ má ṣe fi í wé àwọn ọmọ yòókù nílé. Aṣọ aláràbarà tí Jákọ́bù dá fún Jósẹ́fù nìkan dá ìkórìíra sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá. Ẹ máa yìn ín fún aápọn rẹ̀ àti inú rere rẹ̀ ju bí ẹ ṣe ń yìn ín fún ọgbọ́n lọ. Ẹ rán an létí 1 Kọ́ríńtì 4:7, pé kò sí ohun tí a ní tí a kò gbà. Jésù tó ya àwọn olùkọ́ lẹ́nu ní Jerúsálẹ́mù tẹ̀lé àwọn òbí rẹ̀ padà sí Násárẹ́tì, ó sì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu.

Mo tẹ̀lé arábìnrin náà lọ sí ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Ìyáàfin tó jẹ́ olórí ibẹ̀ gbà kí ọmọ náà máa lọ bá àwọn ọmọ ìwé kìíní ka ìwé láàárọ̀, kí ó sì padà sí jẹ́lé-ó-sinmi fún eré àti orin. Olùkọ́ rẹ̀ ní kí ó máa pín ìwé fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kì í dúró sójú kan lè rí iṣẹ́ ṣe. Ìkọ̀wé rẹ̀ ṣì burú, ó sì ṣì ń sunkún bí wọ́n bá borí rẹ̀ nínú ayò. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó nà án mọ́ nítorí òye.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, mo bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo àwọn ọmọ. Mo ní, "Ìbéèrè rẹ lọ́jọ́ yẹn dára. Mo ti lọ kà á." A jọ ṣí Jẹ́nẹ́sísì 6:21, níbi tí Ọlọ́run ti pàṣẹ fún Nóà pé kí ó kó oúnjẹ sínú ọkọ̀ fún ara rẹ̀ àti fún àwọn ẹranko. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Mà, ṣé ẹran wà nínú oúnjẹ náà?" Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní kí a jọ máa wádìí rẹ̀.

Kí Olúwa fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́ àwọn ọmọ tí ó fi jíǹkí wa. Kí a má ṣe fi ọwọ́ ara wa pa fìtílà tí Ọlọ́run tàn sínú ilé wa, ní orúkọ Jésù. Àmín.