Èémí Àwọn Àgbà: Ta Ni Wọ́n Fi Bàbá Wé?

Bí àgbàlagbà bá gun àtẹ̀gùn, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sọ ni pé ọjọ́ orí ló fà á. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ àìsàn. Àyẹ̀wò kan wà tó ń ran dókítà lọ́wọ́ láti ya méjèèjì sọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní spirométrie ní Abidjan níbí. Ẹni tí wọ́n ń yẹ̀ wò yóò fa èémí sínú títí àyà rẹ̀ yóò fi kún, yóò wá fẹ́ gbogbo rẹ̀ tagbáratagbára sínú ẹ̀rọ.

Ẹ̀yin ará wa ní Treichville àti Adjamé, bí wọ́n bá fún bàbá tàbí màmá yín ní ìwé àbájáde, ẹ wá CVF àti VEMS nínú rẹ̀. CVF ni gbogbo afẹ́fẹ́ tó fẹ́ jáde. VEMS ni èyí tó jáde ní ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni ẹ ó ti rí “théorique”, ìyẹn iye tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ ẹni tí ara rẹ̀ le. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ta ni wọ́n fi bàbá wé?

Lẹ́yìn nǹkan bí ọmọ ọdún 25, VEMS máa ń dínkù díẹ̀díẹ̀, kódà lára ẹni tí kò mu sìgá rí. Nítorí náà, a kì í fi ẹni ọdún 75 wé ẹni ọdún 30. Àwọn òṣùwọ̀n àtijọ́ kan kò ní arúgbó púpọ̀ nínú. Ní 2012, àwọn onímọ̀ Global Lung Function Initiative gbé òṣùwọ̀n kan jáde tó lọ láti ọmọ ọdún 3 dé 95.

Àwọn kan máa ń sọ pé ọ̀nà èémí ti dí bí VEMS kò bá tó ìdá 70 nínú 100 CVF. Ṣùgbọ́n ìpín yìí náà ń wálẹ̀ bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Àgbà tí kò ṣàìsàn lè bọ́ sábẹ́ 70, kí wọ́n sì máa fún un ní oògùn tí kò nílò.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara tún wà níbẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n máa ń yọ nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 kúrò nínú iye tí wọ́n ń retí lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú. Láti ayé òwò ẹrú ní Amẹ́ríkà ni èrò yìí ti wá, ó sì lè mú kí aláìsàn dà bí ẹni tí ara rẹ̀ dá. Ní 2023, American Thoracic Society ní kí wọ́n máa lo òṣùwọ̀n kan náà fún gbogbo èèyàn.

Àwọn tiwa náà ti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ní 1971, Femi-Pearse àti Elebute tẹ ìwádìí jáde lórí èémí àwọn àgbàlagbà ọmọ Nàìjíríà tí ara wọn le. Ilé-Ifẹ̀ náà kópa nínú ìwádìí àgbáyé BOLD, tó wo àwọn ẹni ọdún 40 sókè.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọn gíga bàbá lọ́jọ́ náà gan-an, torí àgbà a máa kúrú sí i. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti tẹ̀, wọ́n lè na apá rẹ̀ méjèèjì, kí wọ́n wọn ìyẹn. Bí “né vers” bá wà lórí ìwé ìbí rẹ̀, ẹ sọ fún dókítà pé a fojú bu ọjọ́ orí yẹn ni. Ẹ sọ bí màmá bá ti fi igi tàbí èédú dáná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ béèrè òṣùwọ̀n tí wọ́n lò, kí ẹ sì tọ́jú ìwé náà, kí wọ́n lè fi èémí bàbá ti ọdún yìí wé tirẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dá oògùn dúró fúnra yín.